Òpó Èlú: bí ọmọ ológbò ṣe sọ aládìrẹ di gbẹ́nàgbẹ́nà ní Kẹ́mta, Abẹ́òkúta

Ohun tó fà á

Eku ló fà á. Inú àpò ni mo ń kó lááfún tí mo fi ń se ẹ̀kọ àdìrẹ sí, ní igun yàrá ẹ̀yìn, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò ní bá ihò tuntun lára àpò náà. Mo fara dà á títí wọ́n fi jẹ etí aṣọ méjì tí mo ti ya tán, tí ẹ̀kọ ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, tí mo ń múra àtipa á láró. Oníbàárà mi kan ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa, ní ológbò òun ti bímọ, kí n wá mú ọ̀kan. Inú páálí ọṣẹ ló gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó dúdú bí kóró iṣin, àfi ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú tó funfun bíi pé ó tẹ ẹ̀kọ mọ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Èlú, orúkọ ewé tí a fi ń ṣe aró.

Ìyá ọkọ mi yọjú wo inú páálí. "Ìyàwó, nínú gbogbo àwọ̀ tí ológbò ń ní, èyí lo rí mú wọlé?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Eku ni yóò máa bá wa mú."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n rọra sún àga wọn sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Lọ́jọ́ kìíní, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó jáde lóru, ó jẹun, ó sá padà. Láti ọjọ́ kẹta, ilé kò rọgbọ mọ́. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà ni mo ń kọ ìwà rẹ̀ sí, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń dínkù ni tàbí ó ń pọ̀ sí i. Bí mo ṣe kọ ti ọjọ́ kan rèé:

"4:50 ìdájí, ó sáré láti pálọ̀ dé kíṣìnnì lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ó gun kọ́tìnnì, kò mọ bó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀, ó ń ké. Ó bù mí jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó tún bù mí jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó bu ọmọ iṣẹ́ jẹ lọ́wọ́. Ó fa ìko jáde nínú apẹ̀rẹ̀. Ó sùn. Ó ṣì ń sùn. 6:40 ìrọ̀lẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, ojú ọgbẹ́ mọ́kànlá ni mo kà ní ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Eku ṣì ń jẹ lááfún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ ìṣègùn ẹranko ní FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn tó wà lọ́nà Àlàbàtà. Mo pè é. Ó wá lọ́jọ́ Sátidé, ó la ẹnu Èlú wò, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn aró. Gírámù 900 ó lé díẹ̀. Ó ní á ti tó oṣù méjì. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé kì í ṣe pé wèrè ń ṣe é?

"Kì í ṣe wèrè, Àǹtí. Ọdẹ ni."

Ó ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ológbò máa ń jáde ṣọdẹ, ìdí nìyẹn tí Èlú fi ń sùn lọ́sàn-án bí ẹni tó kú, tó sì ń jí nígbà tí oorun ń dùn mọ́ wa. Ti ìbunijẹ, ó ní àárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ti kọ́ ọ. Tí ọ̀kan bá bu èkejì jẹ jù, èkejì á ké, á sì kúrò nídìí eré. Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí eré ti ń di ìjà nìyẹn. Èlú kò ní ọmọ ìyá nílé mi. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ló wá di ọmọ ìyá rẹ̀.

Ó ní ká má nà án, ká má sì da omi lù ú, torí kò ní mọ ohun tó ṣe, á kàn máa bẹ̀rù wa ni. Tó bá gbá ọwọ́ mú, kí ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́. Ọwọ́ tí a bá fà yọ, bí eku tó ń sá ló rí lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ká dìde, ká fi í sílẹ̀. Olórí gbogbo rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán bá a ṣeré mọ́. Ó wo ọmọ iṣẹ́ mi bó ṣe ń sọ èyí. Ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń fi ìka rìn lábẹ́ aṣọ kí Èlú lè fò mọ́ ọn.

Ọ̀pá eré, àti àṣìṣe mi

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kéré. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n so nǹkan mọ́ orí ọ̀pá kó máa lé e, kí ọwọ́ àti ẹnu rẹ̀ lè jìnnà sí ara wa. Mo mú igi ìgbálẹ̀ tó ti ṣẹ́, mo so okùn gígùn mọ́ ọn, mo wá nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ tí n ó so sí ìdí okùn. Kí ló tún wà nítòsí ju ìyẹ́ adìyẹ lọ? Ó kún inú ago lórí tábìlì mi. Mo so ó, mo jù ú sílẹ̀, Èlú fò mọ́ ọn, inú gbogbo wa dùn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e.

Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń ya aṣọ. Lọ́jọ́ kẹta tí a ti ń fi ọ̀pá yẹn ṣeré, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo ti ya bátànì Olókun dé ìdajì. Iṣẹ́ yẹn kì í fẹ́ ìkánjú, kékeré kékeré ni ìyẹ́ ń lọ tó ń bọ̀. Mo gbójú sókè, mo rí Èlú lórí àga tó kọjú sí mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ti dúdú tán, a kò rí àwọ̀ ewé inú rẹ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ ń mì sọ́tùn-ún mì sósì. Mo ní "Èl...", ó ti dé. Ó gbá ìyẹ́ mú pẹ̀lú ìka mi, abọ́ ẹ̀kọ yí dànù, ó tẹ inú ẹ̀kọ, ó sá gba orí aṣọ láti etí kan dé etí kejì.

Mi ò lè nù ún. Ẹ̀kọ tó bá ti kan aṣọ ti kàn án, aró kò ní wọ ibẹ̀ mọ́. Mo bínú títí, mo ya èyí tó kù, mo pa á láró bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán tí mo sá a, ipa ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá hàn fínnífínní láàárín Olókun, funfun lórí búlúù, kò sí èyí tó tóbi ju owó ẹyọ lọ. Mo gbé e lọ Ìtòkú pé n ó tà á ní ọ̀pọ̀. Obìnrin kan mú un, ó béèrè orúkọ bátànì náà. Mo ní "Ẹsẹ̀ Èlú". Ó ní ṣé mo lè ṣe márùn-ún sí i. Mi ò dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọmọ náà pé ìyẹ́ tó bá ń rìn, tirẹ̀ ni. Mo jókòó, mo wo yàrá iṣẹ́ yíká: ìyẹ́ ń rìn, ìko ń wọ́ nílẹ̀, aṣọ tí a sá ń fì nínú afẹ́fẹ́. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tí kò jọ ẹran ìgbẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ṣe òfin pé ohunkóhun tí mo bá fẹ́ kó máa lé kò gbọdọ̀ jọ ohun èlò iṣẹ́ mi. Mo tú ìyẹ́ kúrò, mo so ṣùkù àgbàdo rọ́pò rẹ̀. Ó ń dún gbàgà gbàgà lórí sìmẹ́ńtì, ó wúwo tó láti gbá mú, kò sì jọ nǹkan kan nínú àdìrẹ. Ó tó ọjọ́ márùn-ún kó tó gbàgbé ìyẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ṣe ni mò ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí n tó yàwòrán.

Ìko

Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí lọ́tọ̀. Ìko tí a fi ń di àdìrẹ oníko, òwú, okùn ọ̀pá eré pàápàá, kò sí èyí tó yẹ kó wà nílẹ̀ nígbà tí èèyàn kò bá sí níbẹ̀. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sí ọ̀fun. Ohun tó bá ti kọ́ mọ́ ọn, inú ló ń lọ, ó ṣòro fún un láti tu ú. Okùn tó bá wọ inú lè há sí ibì kan kó sì máa fún ìfun pọ̀ bí ìgbà tí a fa okùn ṣòkòtò, ó sì ń pa wọ́n. Tí ẹ bá rí orí okùn lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀, ẹ má fà á. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ.

Mo mọ èyí torí pé lọ́jọ́ kan, ìko bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan di àwátì. A ṣọ́ Èlú fún wákàtí méjì bóyá á bì, bóyá á kọ oúnjẹ. Ọmọ iṣẹ́ mi rí ìko náà lábẹ́ àga Màmá. Gbogbo ìko ti wà nínú agolo onídèérí báyìí.

Òpó àkọ́kọ́, tó wó

Ìbunijẹ ń dínkù, aṣọ ni kò ní ìsinmi. Gbogbo ìgbà tí Èlú bá ti jí, á nà gbalaja, á kan èékánná mọ́ aṣọ tó bá sún mọ́ ọn, á fà á wálẹ̀ fààà. Kọ́tìnnì ti di ìrùkẹ̀rẹ̀. Ni mo bá ní n ó kan òpó fún un.

Mo ní páìpù omi tó ṣẹ́kù nígbà tí a ṣe ilé ìwẹ̀. Mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 45, mo kàn án mọ́ pákó pẹlẹbẹ, mo fi okùn ọ̀rá wé e, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí àlejò má baà rí i. Ó rẹwà. Ọmọ iṣẹ́ mi ya fọ́tò rẹ̀.

Èlú wá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fà. Òpó fì, ó ṣubú lù ú. Ìrù rẹ̀ wú bí ìgbálẹ̀, ó kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn kọjá mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo ya fídíò òkú òpó náà ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi ohùn ránṣẹ́ padà, ó rẹ́rìn-ín tán kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ nìyí: kì í ṣe ìbínú ni ológbò fi ń họ nǹkan. Ó ń bó èèpo ògbólógbòó kúrò lára èékánná rẹ̀, ó ń na ẹ̀yìn, ó sì ń fi òórùn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sàmì síbẹ̀ pé ilé òun nìyí. Òpó tó kúrú kò lè jẹ́ kó na ẹ̀yìn. Òpó tó ń mì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Okùn ọ̀rá ń yọ̀, èékánná kò rí ibi kọ́. Ta ló sì máa lọ sàmì ilé rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn?

Nínú ohun mẹ́rin, mi ò gba ẹyọ kan.

Òpó kejì

Igi: èyí tó ṣẹ́kù nínú igi òrùlé, íńṣì mẹ́ta sí mẹ́ta. Mo gé e ní mítà kan, kí sẹ̀ǹtímítà 90 lè yọ sókè. Ológbò tó dàgbà lè nà dé ibẹ̀ láì ká ẹsẹ̀, nítorí náà mi ò ní í tún òmíràn kàn tó bá tóbi.

Ìdí: bàsíà oníke tó ti ya létí, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40. Mo kan ìṣó gígùn mẹ́fà mọ́ ẹsẹ̀ igi, orí wọn yọ síta, kí kọnkéré lè rí nǹkan gbá mú. Ìwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́ta. Òkúta kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ra òkúta ní Abẹ́òkúta, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè ibi tó ti wá. A gbé igi dúró láàárín, a fi okùn so orí rẹ̀ mọ́ fèrèsé kó má baà dà, a da kọnkéré sí i, a fi àpò tútù bò ó. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nínú yàrá tí a tì pa, torí sìmẹ́ńtì tútù máa ń bó ni lára, ológbò á sì lá ohunkóhun tó bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbẹ tán, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la jọ gbé e, a sì sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé pálọ̀.

Aṣọ òpó: àpò ìdọ̀họ tí wọ́n fi ń di kòkó. Mo gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo lọ́ ọ bí ẹni lọ́ okùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé e láti ìsàlẹ̀. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo ti pẹ́ jù. Tí mo bá wé ìlà mẹ́ta, n ó fi pákó tẹ̀ wọ́n, n ó fi òòlù gbá wọn wálẹ̀ kí wọ́n sún mọ́ra wọn, bí ẹni ń fi ọ̀pá gbá òwú lórí òfì. Níbi tí àyè bá wà láàárín ìlà méjì, èékánná á wọbẹ̀, á há. Mo kan ìṣó sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan, mo gbá orí wọn wọnú igi pátápátá, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra gbogbo rẹ̀ wò, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ibi tí a gbé e sí: àárín pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìmùtìmù tí Èlú ń sùn lé. Ọkọ mi ní ṣé a ò ní gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ni. Mo ní ẹ̀gbẹ́ la ti bọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ pé ká má mú ọwọ́ rẹ̀ fi họ òpó, á gbà pé ìyà la fi ń jẹ ẹ́. Mo kàn ń fa ṣùkù àgbàdo gun òpó ni. Ó gùn ún tẹ̀lé e lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, kò họ nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹta, mò ń ká aṣọ, mo gbọ́ ohùn kan bí ẹni ń ya ewé gbígbẹ. Ó ti jí lójú oorun, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó na ara títí ikùn rẹ̀ fi tẹ́, ó ń fà á wálẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Bàsíà kò mì. Nígbà tó kúrò, mo rí nǹkan kékeré kan lára àpò, ó tẹ̀ bí oṣù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo ìrẹsì. Èèpo èékánná rẹ̀ ni. Mo fi sínú ìwé gbèsè, ó wà níbẹ̀ di bá a ti ń wí yìí.

Àkókò eré àti oúnjẹ

Òpó nìkan kò lè gba oorun ìdájí là. Ohun tó gbà á là ni pé a yí àsìkò eré rẹ̀ padà. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, a ó fi ṣùkù bá a ṣeré fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ó jẹ́ kó rí i mú níkẹyìn, torí ọdẹ tí kò pa nǹkan kan kì í fẹ́ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Á jẹ, á lá ara rẹ̀, á sùn. Ní aago mẹ́wàá, kí àwa náà tó sùn, a ó tún un ṣe. Tó bá pè mí ní ìdájí, mi ò dìde, mi ò sì sọ̀rọ̀. Òru mẹ́rin àkọ́kọ́ le. Ní òru kẹsàn-án, aago mẹ́fà kù díẹ̀ ló kọ́kọ́ ké.

Yàrá aró

Ìlẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì ni mo ṣe síbẹ̀. Kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, kẹ́míkà tí a fi ń po aró, wà nínú yàrá yẹn, ìṣòro kan náà bíi ti sìmẹ́ńtì sì ni: ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, ahọ́n á lá a. Ọkọ mi kàn án ní wákàtí méjì, ó ń kùn títí ó fi parí.

Mo tún fi kún un pé Èlú sín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kẹta, Màmá, tí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ràn rẹ̀, ti pín parasitamọ́ọ̀lù sí méjì kí wọ́n tó pè mí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lórí fóònù. Oògùn yẹn ń pa ológbò, ìdajì rẹ̀ náà lè pa á, ẹ̀dọ̀ wọn kò lè lọ̀ ọ́ bíi tiwa. Ọwọ́ Màmá gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀.

Ibi tí a dé, ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ojú ọgbẹ́ tuntun lọ́sẹ̀ yìí: ẹyọ kan, ti ọmọ iṣẹ́ mi ni, ó sì mọ ohun tó ṣe. Kọ́tìnnì: mo ti yọ ọ́, n ó rán òmíràn. Èlú ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi nígbà tó pé oṣù mẹ́ta. Oníṣègùn ní ká gbé e padà wá tó bá di oṣù márùn-ún, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó máa bímọ.

Eku ńkọ́? Aláǹgbá méjì àti aáyán tí mi ò lè kà ló ti pa, kò tíì pa eku kan. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tí ó ń fi àpò lááfún ṣe àkàsọ̀, mo da gbogbo lááfún náà sínú dúrọ́ọ̀mù onídèérí. Láti ọjọ́ yẹn, eku kò jẹ ẹ́ mọ́. Mo mọ̀ pé dúrọ́ọ̀mù yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà. Ẹ má sọ fún Màmá.

Ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ òpó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo ti gé àpò mìíràn, ó wà lórí tábìlì, Èlú sì ti sùn lé e. Tó bá jí, n ó wé e.